Ká Bi Í, È Sí: Ìtumọ̀ àti Orísun Ọ̀rọ̀ náà "Kábíyèsí"

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ìlú, Ayétòrò-Èkìtì

Kábíyèsí, kí adé ó pẹ́ lórí, kí bàtà ó pẹ́ lẹ́sẹ̀. 

Ọ̀rọ̀ tí mo fi la ẹnu yìí gan-an ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀ láàfin, òun ló máa wí. Bí obìnrin bá kúnlẹ̀, òun náà ló máa wí. Ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti mọ̀ pé bí ọba bá ń kọjá lọ, "Kábíyèsí o" ni a ń pariwo. A ń júbà àgbà, a ń forí balẹ̀ fún òrìṣà, ìyàwó ń pe ọkọ ní olówó orí, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń bu ọlá fún ẹni tó ṣì ń mí, n kò mọ èyí tó ga ju kábíyèsí lọ.

Ìtumọ̀ tí wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú wa ni pé "kò sí ẹni tó lè bi í". Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọba Yorùbá kì í gba ìmọ̀ràn, pé bó bá wù ú a pa, bó bá wù ú a dá sí, pé ẹnu aráàlú kò gbọdọ̀ kàn án. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olóṣèlú, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọba pàápàá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí ni pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀, àti pé ìṣe àwọn bàbá wa ní ìhà Èkìtì yìí, láti Ìdó dé Ìjerò, láti Arámọ̀kọ́ dé Ẹ̀fọ̀n, kò fi ìgbà kan sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. "Ká" tó wà níwájú ni "kí a". "Bí" tó tẹ̀ lé e lè mú kí èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ìbímọ ni, nítorí ohùn òkè tó wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Bi" olóhùn àárín ni, èyí tí a ń lò bí a bá fẹ́ bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí a ń bi ni "í" tó wà lẹ́yìn rẹ̀, olóhùn òkè. Bí ẹnu bá yára pe "bi í", méjèèjì á lẹ̀ mọ́ ara wọn, ohùn òkè á sì borí. Ó wá ku "yèsí". "Sí" ni ti "wà": ó wà, kò sí. "Y" kò ní ìtumọ̀ kankan, ẹnu ló fi í sáàárín "í" àti fáwẹ̀lì tó kàn án kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti kọjá. Ohun tó ṣẹ́kù ni "è". "È" yìí ló ń sọ pé nǹkan kò sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa ará ìhà ibí nìyí. Ará Ọ̀yọ́ á ní "kò sí", tàbí kó gé e kúrú, á ní "ò sí". Bó bá jẹ́ pé ẹnu Ọ̀yọ́ òde òní ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde tààrà, à bá máa gbọ́ "kábíkòsí" tàbí "kábíòsí". Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àwọn ìyá wa nígbà tí wọ́n bá ń sọ èdè wọn láìdà á pọ̀ mọ́ ti ilé ìwé. Ẹ máa gbọ́ "kè", ẹ máa gbọ́ "è", níbi tí ìwé ti kọ "kò". Àgbàlagbà tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní uṣu, kò nílò ògbifọ̀ kó tó mọ ohun tí "ká bi í, è sí" ń wí. N kò sọ pé Èkìtì ló fún àwọn Yorùbá yòókù ní ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, láti ìgbà tí "è" ṣì wọ́pọ̀ lẹ́nu Yorùbá ju báyìí lọ, àti pé ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ń fi ọmọ wa ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé nítorí rẹ̀ ló tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dòní.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀. Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ti fi ń kan Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tipẹ́: wọ́n ní a kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà nítorí pé a kì í lo "ẹ" fún ẹnì kan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé nínú èdè àbáláyé wa, "ẹ" wà fún èèyàn púpọ̀, "ùwọ" sì wà fún ẹnì kan, ì báà jẹ́ bàbá àgbà, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé inú arọ́pò-orúkọ nìkan ni ọ̀wọ̀ ń gbé? Ọmọbìnrin tó wọ́lẹ̀ kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀ títí ìyá rẹ̀ fi ki oríkì rẹ̀ tán kó tó dìde ti bọ̀wọ̀ tán pátápátá, kódà bó bá fi "ùwọ" bi ìyá náà bóyá ó sùn dáadáa. Ọ̀wọ̀ tiwa wà nínú orúnkún àti nínú oríkì, ó sì wà nínú mímọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ" ti wọlé báyìí nítorí ilé ìwé, Bíbélì àti rédíò, n kò sì bá a jà. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ Èkìtì tó ń tijú èdè ìyá rẹ̀ nítorí èyí jáwọ́ ńbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí kábíyèsí. Mo ti tú u tán níwájú yín: kí a bi í, kò sí. Ẹ wá wo ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Kò sí "ọba" nínú rẹ̀. Kò sí "ẹnikẹ́ni" nínú rẹ̀. Kò sí "lè" nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ "lè" ni gbogbo ìtumọ̀ ilé ìwé gbára lé: "kò sí ẹni tó *lè* bi í". Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ nínú gbólóhùn náà ni "a". Àwa ni. Àwa tí a dọ̀bálẹ̀, àwa tí a kúnlẹ̀, àwa là ń sọ pé bíbi í léèrè kò sí lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀jẹ́ ni. A fẹnu ara wa jẹ́ ẹ, a sì ń tún un jẹ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá rí i. Ọba kì í sọ ọ́ nípa ara rẹ̀. Bí aráàlú bá pa ẹnu mọ́, tí wọn kò kí i, kò sí ọba tó lè fi agbára gba kábíyèsí lẹ́nu wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín agbára tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan àti ẹ̀jẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ fún un pọ̀ gan-an, orí ìyàtọ̀ yìí sì ni gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Àwa tí a wà níhìn-ín ní ìtàn kan tó kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé méjì lára àwọn ọba tó wà nínú rẹ̀, ìpínlẹ̀ wa ni ìtẹ́ wọn wà. Inú Ìwòrì Méjì ni Ifá ti sọ ọ́. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn ló jọba. Alárá, tí ìtẹ́ rẹ̀ wà ní Arámọ̀kọ́, wà lára wọn. Ajerò, tí ìtẹ́ rẹ̀ wà ní Ìjerò, wà lára wọn. Ọlọ́wọ̀ ni àbíkẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí Ọ̀rúnmìlà fẹ́ ṣe ọdún, ó ránṣẹ́ pe gbogbo ọmọ rẹ̀. Alárá wọlé, adé wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó tẹ̀ ba, ó kí bàbá rẹ̀ pé kí ẹbọ rú, kí ẹbọ dà. Ajerò wọlé, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọlé, wọ́n ń kí i. Nígbà tó kan Ọlọ́wọ̀, ó dúró ṣánṣán. Bàbá ní kó kí òun bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kí òun. Ọlọ́wọ̀ ní òun kò ní kí i. Ó ní aṣọ tí bàbá wọ̀ lòun náà wọ̀, ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ bàbá wà lọ́wọ́ tòun náà, bàtà wà lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì, adé sì wà lórí àwọn méjèèjì. Ẹni tó dé adé kì í sì í forí balẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rúnmìlà bínú. Ó gba ọ̀pá ọwọ́ Ọlọ́wọ̀, ó fi ayé sílẹ̀, ó gba ọ̀run lọ. Ni ayé bá dàrú. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Iṣu kọ̀, kò ta. Àgàn ò tọwọ́ àlà bosùn, aboyún ò bímọ mọ́. Nígbà tí ojú pọ́n aráyé tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ náà tọ bàbá wọn lọ, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kó padà wálé. Kò padà. Ikin mẹ́rìndínlógún ló kó fún wọn, ó ní ẹni tí wọn ó máa bi léèrè nìyẹn láti ìgbà náà lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ méjì tó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní, Alárá àti Ajerò, tí ìlú wọn ń kí ní Kábíyèsí, tẹ̀ ba níwájú ẹlòmíràn, adé wọn kò sì jábọ́. Ọlọ́wọ̀ tó ní òun kò ní tẹ̀ ba ló kó ìyà bá gbogbo ayé. Èkejì, ohun tí Ọ̀rúnmìlà fi sílẹ̀ fún àwọn ọba jẹ́ ohun tí a ń fi bèèrè. Nígbà tí wọ́n pàdánù ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà, ọ̀nà láti máa bèèrè ni wọ́n gbà dípò rẹ̀. Ọba tí kì í bèèrè, Ifá kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ bá mi dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kò jìnnà. Ìlú oníṣẹ́ ọnà ni. Ibẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkéré ti wá, ìyẹn ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, tí kò sì padà wálé mọ́. Ó wà ní British Museum títí di òní. Ibẹ̀ ni Agbọ́nbíòfé ti gbẹ́ òpó ààfin Aláayè. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni àwọn tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ adé, ìdílé Adéṣínà, tí àwọn ọba láti ìlú púpọ̀ ti ránṣẹ́ sí kí wọ́n bá wọn ṣe adé.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ hun egungun adé bí apẹ̀rẹ̀ tó ṣóńṣó lórí. Wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ tàbí ògì mú kó le bo egungun náà. Wọ́n á wá máa sin ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú òwú, wọ́n á máa rán an mọ́ ara aṣọ náà ní ìlà ìlà, àwọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ojú aṣọ kò fi ní hàn mọ́. Wọ́n á yọ ojú èèyàn síwájú adé, ojú tó là sílẹ̀ gbàǹgbà, ti àwọn baba ńlá tó ti jọba kọjá. Wọ́n á gbé ẹyẹ lé ṣóńṣó rẹ̀. Wọ́n á wá so ìlẹ̀kẹ̀ tó ń jò wálẹ̀ yí ẹnu rẹ̀ ká, èyí tí yóò bo ojú ẹni tó bá dé e. Kó tó di pé adé kúrò nílẹ̀, oníṣègùn á ti fi oògùn sí òkè rẹ̀ nínú. Nítorí oògùn yìí, èèwọ̀ ni kí ọba wo inú adé tó ń dé sórí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gbé e lé e lórí, olorì àgbà ló sì sábà máa ń ṣe é.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ọba tí a ní a kò ní bi léèrè, òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọjú wo inú ohun tó sọ ọ́ di ọba. Obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ rí ohun tí ọba kò rí. Nígbà tí adé bá sì dé orí tán, ojú ọkùnrin tí a mọ̀, ọmọ lágbájá, tó ti bá wa ṣeré rí, á wọ abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ojú àwọn baba ńlá ló kù síta. Àwọn ni a dọ̀bálẹ̀ fún. Àwọn ni a ń sọ fún pé ká bi wọ́n, kò sí, nítorí pé òkú ọ̀run kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó ẹni tí yóò bi wọ́n.

Bí ẹnì kan bá ṣì ń rò pé ọkùnrin tó wà lábẹ́ adé ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ̀ lọ, kó ronú sí adelé. Ní Èkìtì àti ní Àkúrẹ́, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sórí ìtẹ́ títí wọ́n á fi rí ọba mìíràn. Á wọ aṣọ ọkùnrin, á dé fìlà, á so iyùn mọ́ ọrùn. Lára wọn a máa wà tó ṣì ń lọ sílé ìwé. Ìjòyè tó lè bí i lọ́mọ, tó jẹ́ pé ní oṣù tó kọjá òun ni ọmọ náà ń kúnlẹ̀ kí, á na gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á ní "Kábíyèsí". Kò ní fi rẹ́rìn-ín, ojú kò sì ní tì í. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọba tuntun jẹ, ọmọ náà á bọ́ agbádá, á tún máa kúnlẹ̀ kí ìjòyè kan náà. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ̀ lé e dé ilé. Ibi tó bá a ló fi í sí.

Àwọn tó ṣètò báyìí kò jẹ́ jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ lófìfo. Àwọn ìjòyè ńlá mẹ́fà tí a ń pè ní Ìwàrẹ̀fà wà ní àwọn ìlú Èkìtì, láìsí wọn ọba kò lè dá ìlànà kankan lé ìlú lórí. Kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti bèèrè: irú ìdílé wo, ìyá wo, irú ìwà wo, ṣé olè kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ara rẹ̀ pé. Wọ́n á bi Ifá. Wọ́n á wá mú un lọ sí ìpèbí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lóhun tó jẹ́ èèwọ̀ àti ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́, níbi tí àgbà ti lè sọ̀rọ̀ sí i lójú kòrókòró nítorí pé kò tíì di ọba. A ti bi í tán kí a tó kí i. Lẹ́yìn tó bá sì ti dé orí ìtẹ́, ìyẹ̀wù ni àwọn Ìwàrẹ̀fà ti ń bá a wí, kì í ṣe ọjà. Ìdí tí aráàlú fi lè fi ọkàn balẹ̀ kí i ní Kábíyèsí ní gbangba ni pé wọ́n mọ̀ pé àwọn kan wà tí ń bi í nínú yàrá.

Ọ̀yọ́ náà mọ èyí. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí Ṣàngó: "Káwòó, Kábíyèsílẹ̀!" Ọ̀rọ̀ wa kan náà ni, a kàn fa ìrù rẹ̀ gùn. Ẹrú tí wọ́n kó gba orí òkun kọjá ló gbé e dé Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń ké "Kabiosile" títí dòní, pàápàá ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Santa Barbara. Ó dé Bràsíl pẹ̀lú, wọ́n sì ti fún un ní ìtumọ̀ mìíràn níbẹ̀: wọ́n ní ó ń pe èèyàn pé kí wọ́n wá wo ọba tó ń sọ̀ kalẹ̀ sáyé. Wọn kò gbọ́ "bi í" nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà kò sọnù. Ta wá ni Ṣàngó? Aláàfin tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kẹ̀yìn sí ni, tó kúrò ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́, tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ó pokùnso, tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ sì ní ọba kò so. Ọba tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ kábíyèsílẹ̀ jù lọ ní gbogbo àgbáyé, ìlú bi í léèrè.

Ní Èkìtì, ìbéèrè tó ba nǹkan jẹ́ ni èyí tó ti ìta wá. Nígbà tí Ìbàdàn ń jọba lé wa lórí, wọ́n fi ajẹ́lẹ̀, aṣojú wọn, sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Ajẹ́lẹ̀ ń jẹ, ó ń mu, ó ń gba ohun tó wù ú, ó sì ń pàṣẹ fún ọba lójú aráàlú. Òkè-Ìmẹ̀sí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀fọ̀n, ni Fábùnmi ti pa ajẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi di ogun. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó bá wọn dá májẹ̀mú di Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé darí wọn, wọ́n sì kojú Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì láti ọdún 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, síbẹ̀ ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ọ̀pọ̀ ìdí ló wà fún ogun náà, owó orí, ẹrú àti ọ̀nà ọjà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé rírí tí aráàlú ń rí ọba wọn tí àlejò ń bi níwájú wọn wà lára ohun tó mú wọn gbé ìbọn.

Gẹ̀ẹ́sì ló wá tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin àgbà mọ orúkọ tí àwọn bàbá wa fún òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè: ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n pè é. Wọn kò ṣi orúkọ pè. Àwọn ọba aládé mẹ́rìndínlógún Èkìtì, tí a ń pè ní Pelúpelú, ń jókòó pọ̀ lójú òyìnbó náà, ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí sì gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwa fúnra wa, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin oyè jíjẹ lọ́dún 1957, èyí tó fún ìjọba lágbára láti fọwọ́ sí ọba, láti dá a dúró, àti láti yọ ọ́. Kí òfin náà tó dé pàápàá, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ti lé Aláàfin Adéyẹmí Kejì kúrò ní Ọ̀yọ́. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ wa jogún, Èkìtì náà sì jogún rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá, ọdún 1996.

Ẹ kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2020. Aáwọ̀ lórí ẹni tí yóò ṣe alága ìgbìmọ̀ ọba ìpínlẹ̀ yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọba Pelúpelú kan kò fi lọ sí ìpàdé mọ́. Ìjọba kọ ìwé sí wọn, ó ní kí wọ́n sọ ìdí tí wọn kò fi ń wá. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé e jáde, Aláàfin ìgbà náà, Ọba Lámídì Adéyẹmí Kẹta, sì dá sí i, ó ní kò yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn. N kò wá síbí láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tó dùn mí ni pé bí àwọn ènìyàn ti ń jiyàn, ìdajì ń pariwo pé "Ṣé a máa ń bi Kábíyèsí ni?", ìdajì ń dáhùn pé òfin ni òfin, kò sì sí ẹni tó bèèrè ibi tí àwọn Ìwàrẹ̀fà wà. Nígbà tí ìbéèrè inú ilé bá ti kú, ti ìta ni yóò gba ipò rẹ̀, ìwé ìjọba sì ni yóò fi dé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ wọlé.

Ohun mìíràn tún ń mú ọ̀rọ̀ yìí fúyẹ́. Òde òní, olówó tó bá ṣe ọjọ́ ìbí, olórin á kì í ní kábíyèsí. Olóṣèlú tó bá fún èèyàn ní ìrẹsì, kábíyèsí ni. Ṣọ́ọ̀ṣì náà mú un, wọ́n ń fi pe Ọlọ́run nínú àdúrà, mo sì rò pé ìyẹn tọ́, nítorí pé bíbi Ọlọ́run kò sí lóòótọ́. Láti ìgbà ìsọjí ọdún 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá wàásù dé Ẹ̀fọ̀n, àdúrà Èkìtì ti kún fún ọ̀rọ̀ ààfin, kò sì ba àdúrà tàbí ààfin jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ìbò yàn, tí ojúṣe wa sì jẹ́ láti máa bi í léèrè bó ṣe ná owó wa, kí a máa kí i ní "ká bi í, kò sí", ẹ̀jẹ́ tí kò yẹ kí a jẹ́ ni. Ẹ fún un ní orúkọ mìíràn. Yorùbá kò ṣàìní oríkì.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan, Kábíyèsí, àti ẹ̀yin ìjòyè. Nínú ohun tí a ń ṣe kí ọba tó wọ ipò, apá kan wà tó jẹ́ awo, n kò sì bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí kì í ṣe awo: irú ìbéèrè tí ìlú ń bi ìdílé, irú ìlérí tí ẹni tí wọ́n yàn ń ṣe fún ìlú, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ọba wí àti bí yóò ṣe wí i. Orí àwọn àgbà díẹ̀ ni ìmọ̀ yìí wà ní ọ̀pọ̀ ìlú ìhà yìí, ìwé kò sì tíì gbà á sílẹ̀. Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo ọ̀dọ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Kí a yan ọjọ́ kan lẹ́yìn ìkórè iṣu, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà ní agboolé agboolé, kí àwọn àgbà sọ ọ́ ní èdè Ayétòrò gan-an, pẹ̀lú "kè" àti "è" tó wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tún un ṣe sí ti ilé ìwé. Kí wọ́n kọ ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ààfin, kí òmíràn wà nílé ìkàwé ilé ìwé girama, kí ẹ̀kẹta sì wà lọ́wọ́ àwọn afọbajẹ, tí yóò fi wà níwájú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún ní láti bèèrè.